Ṣé kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi etí kọ́ orin tí wọ́n fẹ́?

Ìbéèrè: Tíṣà míúsíìkì JSS 2 ni mí ní Ìkòròdú níbí. Àwọn ọmọ ò fẹ́ gbọ́ solfa (d r m f s l t) rárá, Afrobeats ni wọ́n ń fẹ́, kíbọọ̀dù kan péré la sì ní. Ṣé kí n gbà fún wọn, àbí mò ń ba iṣẹ́ jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ gbà fún wọn jàre. Ọmọ tó ń lu dúrọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò yín yẹn, ta ló kọ́ ọ ní nóòtì? Ẹ̀yìn onílù ló jókòó sí tó ń wo ọwọ́ ẹ̀, ọjọ́ tí onílù ò wá ló bá bọ́ síbẹ̀. Bí ilé Àyàn náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lucy Green, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní London, bi àwọn olórin bí wọ́n ṣe kọ́ṣẹ́, ohun kan náà ló bá: orin tí wọ́n fẹ́ràn ni wọ́n gbọ́, tí wọ́n ń sín jẹ, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn. Ló bá gbé e wọ kíláàsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ ètò Musical Futures tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003.

Àmọ́ kì í ṣe pé kẹ́ ẹ lọ jókòó sí staff room o. Kí wọ́n pín ara wọn pẹ̀lú ọ̀rẹ́, bíi mẹ́rin sí mẹ́fà, kí wọ́n mú orin kan (ẹ ti sọ ṣáájú pé èyí tó bá ní ìsọkúsọ nínú ò wọlé), fóònù yín ni kẹ́ ẹ fi gbé e fún wọn. Kíbọọ̀dù á máa yí ọwọ́ ká, àwọn tó kù á lo agogo, korobá, ẹnu. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á dà bí ọjà Sábó, ẹ fara dà á, ẹ kàn máa rìn yí ká kẹ́ ẹ máa wò.

Ọmọ kan ní kíláàsì mi ń fi ìka kan wá bass (ohùn ìsàlẹ̀) orin kan kiri lórí kíbọọ̀dù, ó tẹ ìsàlẹ̀, ó tẹ òkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọwọ́ ń yún mi, mi ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tó wá bi mí ni mo ní kó kọ́kọ́ fẹnu kọ ọ́ ná. Ó kọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó bọ́ sí i, ló bá pariwo "Àǹtí, ẹ wò ó!" Ojú ẹsẹ̀ ni mo kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù: d s l f. Solfa tí wọ́n ń sá fún náà nìyẹn, òun gan-an ló fi kọ́ àwọn tó kù.

Tí pírínsípà bá ń bínú sí ariwo, ọ̀sẹ̀ kẹrin ni kẹ́ ẹ pè é wá gbọ́ wọn, ẹ má pè é ní ọ̀sẹ̀ kìíní.