Àbúrò mi, má yá ti ẹ̀kẹrin

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lálẹ́ àná, oorun ò sì kùn mí mọ́. O ní olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni ọ́ ní Apẹtẹ, o jẹ áàpù mẹ́ta tó ń yáni lówó lórí fóònù ní ₦87,000 lápapọ̀, ti àkọ́kọ́ sì máa pé lọ́jọ́ Jímọ̀. O wá ń béèrè bóyá kí o yá ti ẹ̀kẹrin kí o fi san wọ́n, tàbí kí o yọ kúrò nínú èésú ẹlẹ́ni mẹ́wàá tí ẹ ń dá ní ₦15,000 lóṣooṣù, èyí tó ku oṣù méjì kó kàn ọ́.

Má yá ti ẹ̀kẹrin. Mo ti yá tèmi títí dé ẹ̀kẹta, mo sì mọ ibi tó gbé mi dé.

Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọlá. Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tí owó wá ṣọ̀wọ́n nílùú, aṣọ ẹbí ogójì ènìyàn wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Tíràńsífà tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ ò wọlé, owó ọwọ́ ò sì sí. Bí o bá fẹ́ gba ₦10,000 lọ́wọ́ oní-POS àdúgbò wa, ₦2,000 ló ń gbà lórí rẹ̀. Ọmọ mi kejì ò tíì san owó ìdánwò. Mo bá tẹ áàpù kan tí ọmọ iṣẹ́ mi fi hàn mí.

₦30,000 ni mo béèrè. ₦22,800 ló wọ àkáǹtì mi, wọ́n ní àwọn ti yọ èlé àti owó iṣẹ́ wọn ṣáájú. Ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún mi láti dá ₦30,000 pé. Nígbà tí ọjọ́ pé, n kò tíì rí owó gbà, mo bá lọ yá ₦40,000 lọ́dọ̀ áàpù kejì. ₦30,400 ló wọlé, mo fi san ti àkọ́kọ́, ₦400 ló kù sí mi lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo yá ₦53,000 lọ́dọ̀ ẹ̀kẹta. ₦40,280 ló wọlé, mo san ti ẹ̀kejì, ₦280 ló ṣẹ́kù. Mú bírò kí o ṣírò rẹ̀. Gbogbo owó tí mo fi ọwọ́ mi ná ò pé ₦24,000, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kọkànlélógún, ₦53,000 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi. Sogúndogójì ni àwọn baba wa ń pe irú owó yìí, tiwọn ò tilẹ̀ burú tó báyìí.

Ọjọ́ kan péré ni gbèsè náà fi lé. Ní aago méje àárọ̀, ọmọkùnrin kan láti ọ̀dọ̀ áàpù ẹ̀kẹta pè mí, ohùn rẹ̀ ò dàgbà ju ti àkọ́bí mi lọ. Ó bú mi, ó bú ìyá mi tó ti kú. Mo rò pé ẹnu lásán ni. Ní ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè láti Ìṣẹ́yìn, ó ń béèrè ohun tí mo jí. Fọ́tò tí áàpù ní kí n ya nígbà tí mo ń forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé oní-gbájúẹ̀ ni mí, pé ọlọ́pàá ń wá mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé ọ̀dọ̀ onílé wa, ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Òjé. Màmá yẹn ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ò ríran kàwé mọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló kà á sí i létí.

Èyí tó dùn mí jù ni ìyá ìyàwó tó ni aṣọ ẹbí. Àárọ̀ Sátidé ló wọ ṣọ́ọ̀bù, kò jókòó, ó ní kí n kó léèsì òun fún òun. Mo ti gé mọ́kàndínlógún, mọ́kànlélógún kù. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ó ń tú ìkọ̀ọ̀kan, ó ń nà án wò bóyá mo ti gé lára rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń rán aṣọ fún un. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bú sẹ́kún. Omi ò jáde lójú tèmi, ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n tí mi ò lè di àpò náà fún un.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, wọ́n yọ ₦15,000 nínú àkáǹtì mi láti ara káàdì ATM tí mo ti tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú áàpù wọn. Owó oníbàárà mìíràn ni. Mo lọ sí báńkì. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ò gbójú sókè, ó ní èmi ni mo gbà fún wọn. Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, owó ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Mo dé ọ́fíìsì ìjọba kan, wọ́n ní kí n lọ kọ ímeèlì sí Abuja, ẹni tó sọ ọ́ ò sì kọ àdírẹ́sì náà fún mi. Inú ń bí mi di òní. Àwọn tó ń wàásù owó lórí rédíò láràárọ̀ pàápàá ń bí mi nínú, àwọn tó ní ẹni tó bá jẹ gbèsè ni kò mọ bí wọ́n ti ń kọ ìnáwó sílẹ̀. Mo ní ìwé tí mo ń kọ owó wọlé-jáde sí láti ọdún 2009. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Owó ni kò sí lóde.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló yọ mí. Nígbà tó gbọ́, kò bá mi wí. Ó kàn béèrè pé, "Ta ló kù tí kò tíì gbọ́?" Ó ní kí n pè wọ́n kí àwọn yẹn tó pè wọ́n. Láti aago mẹ́ta ọ̀sán títí di lẹ́yìn ìrun ìṣáì la fi jókòó ti fóònù ní yàrá rẹ̀. Gbólóhùn kan náà ni mo ń sọ: mo yá owó, mo jẹ ẹ́, mo máa san án, bí ẹ bá rí fọ́tò mi láti ọ̀dọ̀ nọ́ńbà tí ẹ ò mọ̀, ẹ má dá wọn lóhùn. Àwọn kan gbàdúrà fún mi. Àwọn kan ní wọ́n ti ṣe àwọn náà bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá ìyàwó ò gbé fóònù.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo fi yá owó náà. Báńkì á gba onígbọ̀wọ́ tàbí ìwé ilẹ̀. Láyé àtijọ́ wọ́n ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gbowó, kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Ìtìjú ni àwọn áàpù yìí gbà lọ́wọ́ wa gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò, àwọn nọ́ńbà inú fóònù wa sì ni ẹnu ọ̀nà tí wọ́n lóṣòó sí. Nígbà tí ọmọkùnrin náà tún pè ní ọjọ́ kejì, mo ní kó máa fi fọ́tò ránṣẹ́, gbogbo wọn ti gbọ́ lẹ́nu mi. Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí mo lè rí san. ₦30,000 ni wọ́n gbà níkẹyìn.

Ṣọ́ra níbẹ̀ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ fi san án, ₦10,000 tí mo kọ́kọ́ san, àkáǹtì ara rẹ̀ ni ọmọkùnrin náà fún mi, kò sì hàn nínú áàpù títí dòní. Àfi nọ́ńbà àkáǹtì tó bá wà nínú áàpù fúnra rẹ̀ ni kí o san owó sí. Bí wọ́n bá sì ní kí o san owó díẹ̀ kí wọ́n fi sún ọjọ́ síwájú, má san án. Owó yẹn kì í dín gbèsè kù rárá.

Lónìí, ní kí báńkì dí káàdì tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n fún ọ ní tuntun, kí o sì lọ sínú ètò fóònù rẹ, kí o má jẹ́ kí àwọn áàpù náà lè wọ inú nọ́ńbà àti fọ́tò rẹ mọ́. Yíyọ áàpù kúrò nìkan ò pa ohun tí wọ́n ti kó lọ rẹ́. Gbogbo ìpè, gbogbo èébú, fi pamọ́.

Lẹ́yìn náà, yẹ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù láti ọdún 2022, orúkọ àwọn tí wọ́n fún láyè sì wà lórí ìkànnì wọn. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, Google náà ti kọ̀ kí áàpù lóònù tó wà ní Play Store wọn máa wọ inú nọ́ńbà àti fọ́tò ènìyàn. Bí tìrẹ bá ní kí o lọ gbà á lórí línkì WhatsApp, a jẹ́ pé kò sí lábẹ́ òfin yẹn nìyẹn. Èyí tó bá jẹ́ ti báńkì gidi tàbí ti máíkrófáínáǹsì, má fi jáfara. Láti ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní GSI, tí wọ́n fi lè tọpa BVN rẹ dé àkáǹtì rẹ ní báńkì mìíràn, kí wọ́n yọ gbèsè wọn níbẹ̀. Owó oṣù rẹ lè wọlé kí o má rí i. Irú wọn ni kí o kọ́kọ́ san.

Èésú lo tiẹ̀ béèrè. Má yọ. Àwọn tó ti kó tiwọn ló jẹ ọ́ báyìí, bí o bá sì yọ, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa dá a padà, nígbà tó bá wù wọ́n. Lọ bá olórí èésú yín, kí ó bá ọ bẹ ẹni tó kàn lóṣù yìí kí ẹ pààrọ̀ ipò. Wọ́n máa ń gbà tí wọ́n bá gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀, o kàn máa fún onítọ̀hún ní nǹkan díẹ̀ fi dúpẹ́ ni. Bí o bá kó ₦150,000, tí o san ₦87,000, má fọwọ́ kan ìyókù, òun ni wàá fi máa dá tiwọn lọ. Bí onítọ̀hún bá kọ̀, jẹ́ kí Jímọ̀ kọjá, kí o sì bá àwọn áàpù dúnàá-dúrà bí mo ṣe ṣe.

Bó bá yá, wá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Èyí tí mo wọ̀ lọ́jà wa, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí mo ti ń fi owó pamọ́, wọ́n yá mi ní ìlọ́po méjì rẹ̀, onígbọ̀wọ́ méjì ni wọ́n gbà. A máa sọ ti ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n kí Jímọ̀ tó dé, jókòó, kí o pe àwọn ènìyàn rẹ. Ìyá rẹ ni kí o kọ́kọ́ pè. Òun ni àwọn yẹn náà máa kọ́kọ́ pè.