Báwo ni mo ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) láì pa èdè wọn tì?

Èdè náà gan-an ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ "igba" sójú pátákó láìsí àmì. Ọ̀kan á ní igba náírà, òmíràn igbá tí à ń fi bomi, òmíràn ìgbà òjò; ọmọ ọlọ́jà á ní ìgbá tí à ń jẹ. Kí gbogbo yín wá bi AI pé kí ni "igba" yìí túmọ̀ sí. Ó lè jẹ́ ìfojúdá ló máa ṣe, torí Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ ọ kò pọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sì lámì.

Tí wọ́n bá ti dàgbà díẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé àṣìṣe AI kò mọ sórí èdè nìkan, ẹ sọ ìwádìí Joy Buolamwini àti Timnit Gebru ní 2018 fún wọn: ẹ̀rọ tó ń wojú mọ obìnrin yàtọ̀ sí ọkùnrin ṣàṣìṣe tó 34.7% lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, kò ju 0.8% lọ lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun.