Ṣé òótọ́ ni pé òdòdó ni àwọn ará àtijọ́ fi ń sin òkú?

Ẹnì kan béèrè pé: "Wọ́n ní àwọn ará àtijọ́ máa ń tẹ́ òdòdó sí sàréè. Nígbà tí wọn ò kọ̀wé, ta ló wá sọ fún wa?"

Ewéko inú sàréè náà ló sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká mú Egtved ní Dẹ́nmáàkì. Lọ́dún 1921, àgbẹ̀ kan ń tú òkìtì inú oko rẹ̀ ló bá kan pósí tí wọ́n gbẹ́ láti ara ìtì igi óòkù. Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 16 sí 18, ni wọ́n tẹ́ sórí awọ màlúù nínú rẹ̀. Omi kíkan inú òkìtì yẹn ti jẹ egungun rẹ̀ tán. Irun, eyín, èékánná àti aṣọ rẹ̀ ló kù. Síbẹ̀, ìtànná yarrow kan ṣì wà lẹ́bàá orúnkún rẹ̀! Ìgbà ooru ni yarrow ń tanná níbẹ̀, a sì tipa bẹ́ẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n sin ín. Ọdún ńkọ́? Òrùka ìdàgbà ọdọọdún tó wà lára igi pósí ni wọ́n ti kà á: 1370 ṣáájú ìbí Kristi. Garawa kékeré tí wọ́n fi èèpo igi ṣe wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi hàn pé ọtí àlìkámà, oyin àti èso igbó ló wà nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ọtí yẹn sọ̀rọ̀ ju òdòdó lọ: ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ni wọ́n ń gbé irú rẹ̀ fún.

Ní ihò àpáta Raqefet, lórí Òkè Kámẹ́lì ní Ísírẹ́lì, sàréè ibẹ̀ tó ọdún 13,700 sí 11,700. Òdòdó ti jẹrà, ṣùgbọ́n ojú ibi tó tẹ̀ sí kù lára amọ̀ tí wọ́n fi rẹ́ inú sàréè. Ewéko olóòórùn dídùn wà lára wọn, ìbátan efinrin tiwa.

Ti ihò àpáta Shanidar ní Ìráàkì ni mo ń yẹra fún. Arlette Leroi-Gourhan, onímọ̀ nípa lẹ́búlẹ́bú òdòdó, rí i nínú iyẹ̀pẹ̀ tó yí egungun Neanderthal kan ká (ìyẹn ẹ̀yà ènìyàn àtijọ́ tó ti run), ni ayé bá ń pariwo pé orí òdòdó ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Àwọn kan ní eku ló kó o wọlé. Àwọn mìíràn ní kòkòrò oyin tó ń gbẹ́ ihò sílẹ̀ ni, tèyí ni mo sì gbà, torí àwọn òdòdó tí lẹ́búlẹ́bú wọn ṣù pọ̀ níbẹ̀ kì í tanná nígbà kan náà. Ta ni yóò já òdòdó ìgbà méjì fún ìsìnkú kan ṣoṣo?