Owó orí kábọ̀nù: ohun tí jẹnẹrétọ̀ fojú mi rí ní Kubwa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè pé ṣé owó orí kábọ̀nù yìí, ìyẹn owó tí ìjọba ń gbé lé epo àti èédú torí èéfín wọn tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́, ò ní pa tálákà, àbí ká kúkú fi ọjà sílẹ̀ kó tún ara ẹ̀ ṣe, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ẹkọ́nọ́míìsì ni mo kà o, àmọ́ ẹja tútù ni mò ń tà ní Kubwa, Abuja, láti 2011, títùs, kọ́tẹ́, pánlá, fíríìsà ńlá mẹ́ta, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí lítà epo ṣì wà ní bíi ₦195, jẹnẹrétọ̀ mi ń mu lítà méjìlá lójúmọ́. Gbogbo èèyàn ló ń wàásù sólà fún mi nígbà yẹn, mo ní ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, ₦2,340 lójúmọ́, ẹja ń gbé e. Àfi ìgbà tó di May 29, 2023 tí Tinubu ní sọ́bsídì ti lọ, kí oṣù yẹn tó parí Abuja ti di ₦537, July ó ti di ₦617. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ₦7,404 kí n tó ta ẹyọ ẹja kan! Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo mú bíírò àti ìwé, mo jókòó ti àwọn fíríìsà yẹn. Ọ̀kan ò kún dé ìdajì rárá, atẹ́gùn ni mò ń fi epo mú tutù, mo yọ ọ́ kúrò. Èkejì, rọ́bà ẹnu ìdérí ẹ̀ ti ya, tẹ́ ẹ bá gbọ́wọ́ síbẹ̀ ẹ máa mọ òtútù tó ń jáde, mo pààrọ̀ ẹ̀. Mo wá dín wákàtí jẹnẹrétọ̀ kù, torí ẹja tó bá ti gan dáadáa máa ń di òtútù ara ẹ̀ mú, tẹ́ ò bá sáà ti máa ṣí i ṣáá. Lítà méjìlá di méje. Kò sẹ́ni tó wá ṣe sẹmínà fún mi.

Ohun tí Pigou, onímọ̀ ẹkọ́nọ́míìsì ará England, sọ ní 1920 nìyẹn, pé tí nǹkan tí mò ń ṣe bá ń ba tẹlòmíì jẹ́ tí mi ò sì sanwó ẹ̀, màá ṣe é jù ni, ẹ gbówó yẹn lé e, kálukú á wá ọgbọ́n tiẹ̀ dá. Finland ló kọ́kọ́ gbé e lé èéfín ní 1990, Sweden tẹ̀lé e ní 1991. Kẹ́nikẹ́ni má bàa gbéjà kò mí, mo mọ̀ pé yíyọ sọ́bsídì kì í ṣe owó orí kábọ̀nù, ìjọba kàn ṣíwọ́ owó tó ń bá wa san ni. Àmọ́ ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sílé epo ò mọ ìyàtọ̀.

Ibi tó ti wá bàjẹ́ rèé. Sólà tí mo padà rà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló yá mi lówó ẹ̀. Obìnrin tó ń ta mínírà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi gbọ́ ohun tí owó epo ń wí ju èmi lọ, kò rẹ́ni yá a ní kọ́bọ̀, ó ta fíríìsà ẹ̀, bọ̀ọ̀lì ló ń sun báyìí. Èédú ló sì fi ń sun ún, ẹ wá fi èéfín tó dínkù hàn mí.

Torí náà, níbi tí owó yẹn ń lọ ni kẹ́ ẹ máa wò. British Columbia, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2008, wọ́n fi dín àwọn owó orí yòókù kù. Ìjọba àpapọ̀ Kánádà tiẹ̀ ń dá owó padà fáwọn ará ilé, síbẹ̀ inú bí aráàlú títí wọ́n fi fagi lé èyí tí aráàlú ń san lórí epo ní April 2025. Ọsirélíà ò ju ọdún méjì lọ, 2012 sí 2014. Tiwa náà wà nínú òfin owó orí 2025, 5% lórí epo, wọ́n yọ kẹrosíìnì àti gáàsì ìdáná sílẹ̀, ó dọjọ́ tí mínísítà bá buwọ́ lù ú kó tó bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn máa fi yá onímínírà lówó sólà, màá san án. Tó bá jẹ́ àpò ìjọba ló kàn fẹ́ wọ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Àwọn kan wá ní ká gbàgbé owó orí, ẹni tó bá lówó á wá ọgbọ́n dá fúnra ẹ̀ sí òjò àti oòrùn tí èéfín ń dà rú. Èmi náà gbọ́n o! Ọdún tó kọjá omi wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo ra búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì, mo gbé ẹnu ọ̀nà ga. Òjò tó tẹ̀ lé e, tèmi gbẹ fúrúfúrú, omi yà sọ́dọ̀ Málàmù télọ̀ tó wà lápá òsì, ó ba aṣọ Sálà àwọn èèyàn jẹ́ nílẹ̀. Málàmù dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní lédè Haúsá, "Oga, ruwan ka ne fa", omi tìẹ mà nìyí. Mo san lára owó aṣọ yẹn. Ìgbà yẹn la wá dáwó, ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà, a la gọ́tà dé ibi tí omi ti ń wọ abẹ́ títì. Àwọn méjì ò dá kọ́bọ̀, omi ò sì wọ ṣọ́ọ̀bù tiwọn náà mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń bá mi dúnàá-dúrà títùs láràárọ̀.