Láfà ni àbí mágímà tó dì sábẹ́ ilẹ̀? Òkè rẹ̀ ni kó o wò

Àbúrò, o béèrè bí èèyàn ṣe lè mọ̀ bóyá òkúta dúdú tó tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín òkúta ẹfun jẹ́ láfà tó ṣàn lórí ilẹ̀ láyé àtijọ́, tàbí mágímà, ìyẹn òkúta yíyọ́ abẹ́ ilẹ̀, tí kò jáde rárá. Sill là ń pe mágímà tó dì pẹrẹsẹ sáàárín àwọn ìpele òkúta. Má fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Láfà náà máa ń fi ooru rẹ̀ yan ilẹ̀ tó bá ṣàn lé lórí. Ohun tí kò lè yan ni èyí tí kò tíì sí níbẹ̀ nígbà tó ń ṣàn.

Whin Sill, sill ńlá kan ní àríwá England, ló kọ́ mi, nínú òjò àti afẹ́fẹ́ tó ń já ìwé gbà lọ́wọ́ ẹni. Ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 295 ọdún tí mágímà rẹ̀ gòkè wá. Nígbà tó dé àárín òkúta ẹfun, òkúta iyanrìn àti amọ̀ líle tó tò léra wọn, ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti la àárín wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́, kó sì gbé èyí tó wà lórí sókè. Níbòmíràn ó nípọn tó 70 mítà.

Àwọn tó ń lọ sí High Force, níbi tí odò Tees ti ń já wálẹ̀ láti nǹkan bíi 21 mítà, máa ń rò pé àwọn ti rí ẹ̀rí. Ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Òpó-òpó tó pín sí náà kò já mọ́ nǹkan kan, torí láfà máa ń pín bẹ́ẹ̀ tó bá ń tutù.

Koríko ló sábà máa ń bo òkè rẹ̀, ìyà ibẹ̀ nìyẹn. Kúárì tí wọ́n ti pa tì tàbí ipadò kékeré ni mo máa ń wá kiri. Tó o bá ti rí ọ̀kan, dáàbò bo ojú rẹ, kó o fọ́ òkúta náà díẹ̀díẹ̀ láti etí lọ sí àárín. Bó bá jẹ́ sill, etí òkè àti ti ìsàlẹ̀ á kúnná gan-an, torí òkúta tútù ló fara kàn, ó sì tètè dì. Ti àárín á ní horo tó hàn, àmọ́ kò ní tó horo òkúta Ìdànrè, tó dì ní ìsàlẹ̀ jíjìn. Bí sill bá nípọn ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni àkókò tó máa fi dì.

Lẹ́yìn náà, fi òòlù gbá amọ̀ tó wà lórí rẹ̀. Èyí tí ooru mágímà ti yan á le, á sì dún; ó ti wà níbẹ̀ kí mágímà tó dé nìyẹn, sill ni. Ní Cow Green, ibòmíràn tí Whin Sill wà, òkúta ẹfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sill ti di horo-horo bíi ṣúgà.

Má jẹ́ kí ihò kéékèèké tàn ọ́ o. Ìwúwo ilẹ̀ máa ń há gáàsì mọ́ inú mágímà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ kò bá jìn, díẹ̀ á yọ, wàá sì rí ihò nítòsí òkè sill. Òkè láfà sábà máa ń rún wómúwómú, ẹrẹ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ á sì ti wọ inú pàlàpálá rẹ̀.

Bí o kò bá rí òkè rẹ̀ rárá, tọ òkúta náà lọ jìnnà. Onímọ̀ nípa òkúta, Adam Sedgwick, ti sọ ní 1827 pé abẹ́ ilẹ̀ ni Whin Sill ti wọlé, síbẹ̀ àríyànjiyàn kò tán. Àwọn onímọ̀ nípa òkúta méjì, Topley àti Lebour, ló fi hàn ní 1877 pé ó ń fò láti ìpele kan sí òmíràn bó ṣe ń lọ, láfà kò sì lè ṣe ìyẹn. Bó o bá ya fọ́tò etí òkè tìrẹ, gbé owó ẹyọ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká lè mọ bí horo rẹ̀ ṣe tóbi tó.