Èsì: Ibi tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Moselkern

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ̀yin àtàwọn ọmọ fẹ́ lo ọjọ́ méjì ní abúlé Moselkern ní Jámánì. Ẹ jọ̀ọ́, Burg Eltz ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ! Ìdílé kan ṣoṣo ló ti ni ilé olódi yìí fún ohun tó lé ní 800 ọdún, ogun ò sì wó o rí. Ẹ gba inú igbó, ẹ máa tẹ̀ lé odò Elzbach lọ. Bí ilé olódi náà bá ṣe yọ sí yín láàárín igi, ẹnu á yà yín. Gbòǹgbò pọ̀ lọ́nà, ẹ wọ bàtà tó nípọn. Wọ́n máa ń ti Burg Eltz nígbà òtútù o. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọ reluwé lọ sí ìlú Cochem: àwọn ọmọ ogun Faransé wó ilé olódi tibẹ̀ ní 1689, kí àwọn míì tó wá tún un kọ́.