Kí ló dé tí dátà 4G fi máa ń dúró tí ìpè bá wọlé?

Rédíò kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ (kì í ṣe ti FM), ló wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù. Òun náà ló ń ṣiṣẹ́ fún 2G, 3G àti 4G, kò sì lè wà lórí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Dátà nìkan ni wọ́n ṣe 4G fún. Kò ní ọ̀nà ìpè ti àtijọ́. Nítorí náà, bí ìpè bá dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ní kí fóònù bọ́ sórí 3G tàbí 2G. Lórí 3G, dátà ṣì lè máa lọ, á kàn falẹ̀ ni. Lórí 2G, ó sábà máa ń dúró títí ìpè á fi parí.

Ní nǹkan bí 2011, àwọn fóònù kan ní rédíò méjì, ọ̀kan fún ìpè lórí CDMA (irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ kan), èkejì fún 4G. Wọ́n ń jẹ bátìrì gan-an, ọ̀nà yẹn kò sì pẹ́.

Lójú tèmi, VoLTE (ìpè lórí 4G) ni ojútùú gidi, torí inú 4G gan-an ló ń gbé ohùn gbà. Ẹ wò ó nínú sẹ́tíńgì fóònù yín, kí ẹ tàn án bí ó bá wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín náà gbọ́dọ̀ gbà á láyè.